Ilé Tí Tájù Sọ

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá ni Ìyá Tájù ti wọ aṣọ ìrìn-àjò. Ìró àdìrẹ tí kì í yọ síta bí kò bá ṣe ọjọ́ ọdún Iléyá ló ró, ó wé gèlè funfun, ó sì jókòó lórí ẹrù rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá gbé garawa omi kọjá. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni, ní Ajégúnlẹ̀, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè dé ibi ẹ̀rọ omi tàbí balùwẹ̀ láìgba iwájú rẹ̀. Nítorí náà gbogbo ilé ló kí i, gbogbo wọn ló sì dá lóhùn.

"Màmá, ẹ ti ń lọ nìyẹn?"

"Mò ń lọ sílé o! Ìyàndá ọmọ mi ń mú mi lọ sílé."

Tó bá ti kan ọ̀rọ̀ náà, ilé, a máa fà á gùn díẹ̀ lẹ́nu, kó má baà tètè tán.

Ìyá Ovie, obìnrin Ùróbò tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn, dúró tì í pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. "Mama, so na true? Who go come dey quarrel with me for morning now?"

"Ìyá Ofíè, má sunkún," ni Màmá wí, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kò sunkún rárá. "Wá kí mi ní Ìsẹ́yìn. Tó o bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀, sọ fún wọn pé ilé Àwẹ̀ní olówùú lò ń lọ. Ọmọdé á mú ẹ débẹ̀."

"I go come, Mama. I go come chop pounded yam."

Inú yàrá ni Kafilat, ìyàwó Tájù, wà tó ń fi aṣọ àkísà di àwọn abọ́ kí wọ́n má baà fọ́ lójú ọ̀nà. Bó ṣe gbọ́ Ìsẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í di abọ́.

Ìsẹ́yìn kọ́ ni wọ́n ń lọ. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ti dá Tájù dúró ní etíkun Àpápá, níbi tó ti ń ka àpótí ẹrù láti ìgbà àpọ́n rẹ̀. Kó tó ráyè mí, onílé wọn tún ní òun fẹ́ fọ́ àwọn yàrá ìsàlẹ̀ pọ̀ di ibi ìkẹ́rùsí fún àwọn oníṣòwò etíkun. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó wá san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún! Bí wọ́n ṣe ń ṣe wá ní Èkó nìyí. Wọ́n á lo èèyàn títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi máa ro ó, ọjọ́ tí wọn ò bá lò ó mọ́, wọ́n á ní kó lọ wá ibi tí apá rẹ̀ ká. Ọ̀rẹ́ Tájù kan bá a rí iṣẹ́ sí ilé ìlagi kan ní Abẹ́òkúta, Tájù sì gba yàrá méjì ní Ìdí-Ọsàn, lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọ̀dà títì parí sí tí oko bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní ẹbí kankan níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gba yàrá náà ló wọlé, tó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní, tó sì ní, "Màmá, ẹ máa palẹ̀ mọ́. A ó máa lọ sílé." Ó lè jẹ́ ilé tuntun ló ní lọ́kàn lóòótọ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà forí kanlẹ̀, ó dúpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀ ní Ìyàndá, Ìyàndá, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Tájù dúró níbẹ̀, kò sọ pé ilé wo. Ọ̀rọ̀ kan náà làwa Yorùbá fi ń pe ibi tí wọ́n bí wa sí àti ibi tá à ń sanwó rẹ̀ fún onílé, ẹni tí òótọ́ bá sì ń bà lẹ́rù lè sá wọ inú ọ̀rọ̀ náà, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Láti ọjọ́ náà ni Tájù ti wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kafilat jáde láti se omi tíì fún Morìnsọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ń lọ sí iléèwé girama. Ó wá sítóòfù tì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, sítóòfù dà?"

"Mo ti fún Ìyá Ofíè."

"Ẹ ti fún Ìyá Ovie! Kí la wá fẹ́ fi dáná tá a bá débẹ̀?"

"Ṣebí èmi ni mo ni sítóòfù mi. Kí ni n ó máa fi karosíìnì ṣe nílé? Ààrò mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, igi sì kún oko. Ìwọ náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi igi dáná, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ tó ti rọ̀ jù yẹn."

Ọwọ́ tó rọ̀! Ọwọ́ tí Kafilat fi ń dín dùndú fún àwọn onítírélà ní Liverpool Road, tí òróró gbígbóná ti ta sí títí tí àpá fi kún un dé ìgbọ̀nwọ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó láti gbé ìjà wọn dé ọ̀sán, Ìyá Ovie á sì ti gbé àpótí ìjókòó síta láti wá wòran. Lọ́jọ́ yìí, Kafilat kàn wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo gèlè funfun tó wé, ó sì yí padà láìfèsì. Ó ya Màmá lẹ́nu. Ó bi Morìnsọ́lá bóyá ara ìyá rẹ̀ kò yá ni.

Búrẹ́dì àná àti àkàrà tútù ni wọ́n fi ṣe oúnjẹ àárọ̀, láìsí tíì, láìsí omi gbígbóná. Màmá kò jẹ tirẹ̀. Ó ní ìsáasùn òun á ti máa hó nílé kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ẹni tó ń lọ jẹ ọbẹ̀ ilasa kì í ṣe ẹni tó ń fi búrẹ́dì dí inú.

Kafilat lọ bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń fi sípánà tú bẹ́ẹ̀dì onírin wọn.

"Ẹ lọ sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni?"

"Bàbá Morìnsọ́lá, ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé. Wọ́n ti fi sítóòfù tọrẹ, wọ́n ti fi ẹní tọrẹ, agboòrùn tí wọn kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn, wọ́n ti fún ìyá tó ń ta ewé. Témi bá fi lè la ẹnu báyìí, wọ́n á ní ìyàwó ló gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́."

"Tá a bá débẹ̀, wọ́n á mọ̀."

"Ti yàrá yẹn ńkọ́?"

Tájù yí ojú padà sídìí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń yí sípánà, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀tì tó ń yí ti tú tipẹ́.

Yàrá Màmá ní Ìsẹ́yìn ti wó. Ẹ̀gbọ́n kan láti agboolé wọn ló wá bá Tájù ní Àpápá láti sọ ọ́, Tájù sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ìyá òun má gbọ́, pé òun á tún un kọ́ kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bọ́. Kafilat nìkan ló sọ fún, òun náà sì ti ń gbé e kiri láyà láti ìgbà náà.

"Jẹ́ kí n ráyè kẹ́rù ná," ni Tájù wí níkẹyìn. "Kọ̀yà ti ń bọ̀."

Kọ̀yà ni awakọ̀ akẹ́rù tó máa gbé wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ wọn máa ń sùn sí Creek Road, tí òun àti Tájù sì jọ máa ń jẹ ẹ̀wà nídìí ẹlẹ́wà kan náà nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà. Bó ṣe fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àdúgbò báyìí ni ilé dìde. Àwọn ọkùnrin bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gbé ẹrù, àwọn obìnrin dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n ń gbé jáde, wọ́n sì ń sọ èyí tí wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Kafilat ní. Káfíńtà tí onílé rán náà dé. Kò tilẹ̀ dúró kí ẹrù tán, ó ti gbé òòlù, ó ń yọ ilẹ̀kùn yàrá wọn kúrò lára ògiri. Bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí jáde ló ń ya ẹ̀gbẹ́ fún wọn, á sì tún padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa fún wọn, jàre," ni ìyá tó ń ta ewé wí. "Wọ́n ní ibi tí wọ́n ń lọ. Ta ló fẹ́ kú sí Ajégúnlẹ̀?"

"My own village, my uncle don sell the land," ni Ìyá Ovie wí. "Even if I wan go, where I go put leg?"

Lucky, géńdé kan tó ń fi orí ru àpò ní etíkun, gbé àpò gààrí Kafilat kọjá, ó sì pariwo pé, "Mama, carry me go o! I go marry your granddaughter, I go dey farm!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Màmá ló ròkè jù. Ó súre fún Lucky, ó ní Ọlọ́run á mú òun náà délé tirẹ̀. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn àdúrà yẹn, torí kò sẹ́ni tí kò ṣe àmín sí i nínú wọn.

Kọ̀yà wá kí Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ kú ìmúra, Màmá. Iwájú lẹ máa jókòó o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ṣé ọ̀nà dáa?"

"Ó dáa gan-an. Tá a bá ti já Ṣàngó, Abẹ́òkúta ti dé nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Abẹ́òkúta la máa gbà," ni Màmá wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ibẹ̀ náà ni bàbá Ìyàndá gbà mú mi bọ̀. Tá a bá ti kọjá Abẹ́òkúta, jẹ́ kí n wà níbi fèrèsé, n ó máa júwe fún ẹ. Ó níbi tí òkè méjì ti dojú kọra. Tó o bá ti rí i, sọ fún mi, ká jọ dákẹ́ díẹ̀. Mo máa ń fẹ́ gbọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀."

Kọ̀yà rẹ́rìn-ín. "Ká kọjá kẹ̀? Abẹ́òkúta náà ni mo máa já yín sí, Màmá. Ìdí-Ọsàn. Mo gbọ́dọ̀ padà sí Creek Road wá kẹ́rù mìíràn lónìí."

Màmá kò tíì fura. Ó yíjú, ó sì pe ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín náà lẹ́nu.

"Ìyàndá! Wá bá awakọ̀ yìí sọ̀rọ̀ o. Kò mọ ibi tá à ń lọ."

Tájù ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tìmùtìmù lórí. Ó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, Lucky dúró, Morìnsọ́lá tó gbé àwo náà dúró.

"Ìyàndá, mo ní kó o wá sọ fún un."

"Màmá," ni Tájù wí láti abẹ́ tìmùtìmù, "ibi tá à ń lọ náà nìyẹn."

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé náà ni. Ilé tuntun."

Màmá wò ó títí. Ó wo Kafilat. Ó wo àwọn obìnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ti ń wo ilẹ̀. "Tájùdéènì," ló pè é, orúkọ tí kì í pè é rárá, orúkọ tí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀gá etíkun fi ń pè é. Ó dìde, ó wọ́ ẹrù rẹ̀ nílẹ̀, ó padà wọ inú yàrá. Káfíńtà ti gbé ilẹ̀kùn tì sára ògiri, kò sí ohun tó lè tì mọ́ra rẹ̀. Ó jókòó sí àárín yàrá òfìfo náà, níbi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti sọ sìmẹ́ńtì di dúdú.

Tájù, Kafilat àti Morìnsọ́lá wọlé tẹ̀lé e.

"Màmá, ẹ dìde, ọkọ̀ ń dúró."

"Ẹ máa lọ. Ta ni mo mọ̀ ní Abẹ́òkúta?"

"Ta la mọ̀ níbí nígbà tá a dé?" Ohùn Tájù ga lójijì. "Ṣé èmi ni mo lé ara mi níbi iṣẹ́ ni? Ṣé èmi ni mo ní kí onílé sọ yàrá di sítọ́ọ̀? Gbogbo yín lẹ̀ ń wò mí! Kí n kó yín sórí títì ni?"

"Ẹ má jágbe mọ́ wọn," ni Kafilat wí.

"Ìwọ, dákẹ́!"

"Mi ò ní dákẹ́. Mo ti dákẹ́ tó."

Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má bára yín jà nítorí mi. Ẹ já mi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Mo mọ gáréèjì ibẹ̀. N ó wọkọ̀ lọ sílé mi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ mi. Yàrá mi ṣáà wà níbẹ̀."

Kafilat wo ọkọ rẹ̀. Ó dúró dè é. Ní ẹnu ọ̀nà, káfíńtà ń fi òòlù lu ìṣó tó kù lára igi, kò ṣíwọ́. Tájù wo ilẹ̀. Nígbà tí Kafilat rí i pé kò ní sọ ọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, yàrá yín ti wó."

Màmá di etí ìró rẹ̀ mú.

"Ògiri wo?"

"Gbogbo rẹ̀, Màmá. Àti òrùlé."

"Ìgbà wo?"

"Òjò èṣí ni."

"Èṣí," ni Màmá wí. Ó fa gèlè rẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tí ooru ń mú. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kírun àsùbá tán ni mo máa ń lọ sínú yàrá yẹn. Mo máa ń ti orí ẹní mi níbí lọ. Mo máa ń ṣí fèrèsé rẹ̀. Mo ti sún ibùsùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó máa ń rin. Mo ti to òwú mi síbẹ̀, funfun lọ́tọ̀, ti aró lọ́tọ̀. Láti èṣí! Láti èṣí ni mo ti ń lọ tò ó, ẹ sì ń wò mí."

Morìnsọ́lá bú sẹ́kún. Kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Tájù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ bí ọmọdé.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ kọ́ ọ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ni. Màá kọ́ ọ. Ilé ìlagi ni mo ti ń lọ ṣiṣẹ́ yìí, igi òrùlé ò ní ṣòro. Tí mo bá ti lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀..."

"Dákẹ́."

"Màá kọ́ ọ, Màmá, mo fi..."

"Má búra. Èmi ni mo bí ẹ. Wò mí lójú. Ṣé o lè kọ́ ọ?"

Níta, Kọ̀yà fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́, bóyá ẹnì kan ló dá a lẹ́kun. Tájù wò ó lójú. Ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sun lọ́jọ́ tí onílé wá bá a, ó sun ún níbẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀ àti lójú káfíńtà.

"Mi ò lè kọ́ ọ, Màmá."

"O ṣeun," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó na ọwọ́, Kafilat sì fà á dìde. Kafilat gbé ẹrù rẹ̀, Màmá kò sì ní kó gbé e sílẹ̀. Wọ́n kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí wọ́n ń lọ mọ́. Ìyá Ovie tó máa ń ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu fún gbogbo nǹkan kàn di ọwọ́ Màmá mú, ó fi mọ́ àyà, ó sì jẹ́ kó lọ.

Iwájú ni Màmá àti Morìnsọ́lá jókòó sí. Tájù àti Kafilat gun orí ẹrù lẹ́yìn. Kọ̀yà kọ́kọ́ ya sí Liverpool Road láti gba epo. Níbi tí Kafilat ti máa ń dín dùndú, obìnrin mìíràn ti gbé agbada tirẹ̀ kaná, àwọn onítírélà sì ti tò yí i ká. Kafilat yí ojú sí ọ̀nà mìíràn, ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀.

Wọ́n ti jáde kúrò ní Àpápá nígbà tí Màmá yíjú sí Kọ̀yà.

"Awakọ̀, kí lo ní wọ́n ń pe ibẹ̀?"

"Ìdí-Ọsàn ni, Màmá."

"Ṣé ọsàn wà níbẹ̀?"

Kọ̀yà ronú, ó mi orí. "Mi ò rí igi kankan níbẹ̀ o."

"Ìdí-Ọsàn," ni Màmá wí. Ó kọjú sí fèrèsé, ó tún un pè, ó tún un pè, jẹ́jẹ́, kó má baà ṣì í pè bí wọ́n bá bi í ní ibi tó ń gbé.